Ẹ̀jẹ̀ àṣẹ kọ́ ló ń hó nínú ara wa, ẹ jọ̀ọ́

Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa, Abuja, mo jókòó ti àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ ilé ọmọ ẹ̀, wọ́n tún yọ ilé ẹyin méjèèjì, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ ọdún 39 ni. Ibi tá a ti ń jẹun ni ooru òjijì yẹn, èyí tó máa ń mú obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ bá ti dá, ti gbé e, mo ti rí i kó tó sọ̀rọ̀ torí mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sọ́rùn, gèlè á kúrò lórí, òógùn á bọ́ sílẹ̀ láti iwájú orí bí ẹni pé wọ́n da omi lé e lórí, nínú gbọ̀ngàn tí fáànù mẹ́fà ti ń fẹ́ o. Ìyá kan tó wà níwájú wa wò ó, ó káàánú ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni. Àṣẹ, ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, tí ò rí ọ̀nà jáde mọ́ ló ń hó nínú ẹ yẹn. Wá agbo tó máa fọ̀ ọ́ jáde." Gbogbo tábìlì gbà á lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ni o, bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹnì kan ti ń wá nọ́ńbà ìyá alágbo tó wà ní Nyanya lórí fóònù.

Mi ò lè dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Mọ́mì, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ o," wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìwé lẹ fi ń ka ara yín. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe tèmi, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń hó yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjà Wuse, nínú mọ́tò Mararaba, lẹ́nu àwọn tó kàwé àtàwọn tí ò kàwé. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọmọ ọdún 43 ni mí nígbà tí fáíbírọ́ọ̀dù àti kókó tó wà nínú ilé ẹyin mi jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jáde. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí pé ìyá, bá a ṣe yọ ilé ẹyin yìí, nǹkan oṣù ẹ dá nìyẹn, lónìí, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ bíi ti àwọn ìyá wa. Òru ọjọ́ karùn-ún ni mo jí nínú omi. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tutù rin, àyà mi ń lù kìkìkì, kò pẹ́ ni òtútù tún mú mi tí eyín mi ń gbá ara wọn. Wọ́n ní ibà ni. Lẹ́yìn tí mo délé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe tẹ́ẹ̀sì malaria, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọn ò rí nǹkan kan. Àǹtí mi kan wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọ́n gbé agbo wá nínú jálá, kíkorò, àárọ̀ àti alẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gba ẹ̀bùn wọn, ojú ìránṣọ ikùn mi ń dùn mí gan-an ní gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ooru ò sì dín bí ìkan ó ti wù kó rí. Mo ń kọ iye ìgbà tó ń dé sínú jọ́tà. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ agbo, 14. Ọjọ́ tí mo dá a dúró, 15.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ná. Níbo ló fẹ́ wà? Nǹkan oṣù kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí tí ara ń kó jọ síbì kan bí omi inú táńkì. Awọ kan ni, tó máa ń nípọn lóṣooṣù nínú ilé ọmọ láti fi de oyún, tí oyún ò bá wá, á ya, á bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Họ́mọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́míkà tí ara fi ń ránṣẹ́ sí ara, tó ń wá láti ilé ẹyin ló máa ń sọ fún un pé kó nípọn. Wọ́n ti yọ ilé ọmọ, wọ́n ti yọ ilé ẹyin, kò sí awọ, kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́, kí ló wá fẹ́ kó jọ? Obìnrin tó lóyún ò rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀jẹ̀ ń hó nínú ẹ̀. Èyí tó ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè má rí i fún ọdún kan gbáko.

Èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí fún mi pátápátá, bàbá ọkọ mi ni.

Kaduna ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti wà níbẹ̀ látìgbà táwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna ṣì ń yí ẹ̀rọ tọ̀sán tòru. Dókítà rí jẹjẹrẹ pírósíteètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, lára wọn, wọ́n wá ń gún wọn lábẹ́rẹ́ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni kó dá họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin dúró, torí òun ni jẹjẹrẹ yẹn fi ń dàgbà. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun rárá, láti 1941 ni dókítà kan, Charles Huggins, ti fi í hàn ní Amẹ́ríkà pé tí wọ́n bá gba họ́mọ́ọ̀nù yẹn lọ́wọ́ jẹjẹrẹ pírósíteètì, á fà sẹ́yìn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ó dáa. Oṣù Kejìlá nìyẹn, ọyẹ́ ti mú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kaduna lóṣù Kejìlá ẹ mọ̀ pé omi tí wọ́n bá gbé síta mọ́jú ò ṣe é fọwọ́ kàn, ètè gbogbo èèyàn ti là. Ìyá ọkọ mi pè mí ní aago márùn-ún ìdájí. Wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀ kí bàbá má baà gbọ́. "Ìyàwó mi, tìẹ yẹn, báwo ló ṣe máa ń ṣe ẹ́? Bàbá yín ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ní ká ṣí fèrèsé sílẹ̀, gbogbo ara wọn ló rin fún òógùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyí láti alẹ́. Wọ́n á tún ní òtútù ń mú wọn, wọ́n á tún fa búláńkẹ́ẹ̀tì."

Mo bi wọ́n pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àyà lọ sókè sí ojú? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin lọ? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Àyà wọn máa ń já? Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n. Mo jókòó sẹ́tí bẹ́ẹ̀dì mi ní Kubwa, omi bọ́ lójú mi. Ohun kan náà ni. Bàbá tó lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tí kò rí nǹkan oṣù rí láyé ẹ̀, tí kò ní ilé ọmọ, ooru kan náà tó ń da gèlè lórí mi ló ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn wọn. Nígbà tí mo lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ní in, àwọn tí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n wọn nítorí jẹjẹrẹ kan náà ń ní in. Lára họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin yẹn ni ara ọkùnrin ti ń ṣe ẹ́sítírójìn tiẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù kan náà tí ilé ẹyin obìnrin ń ṣe, tí èyí bá lọ, ìyẹn náà lọ. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sọ pé ẹ̀jẹ̀ àṣẹ ni, kó wá sọ fún mi àṣẹ wo ló ń hó nínú bàbá ọkọ mi.

Ẹ tún wò ó láti ọ̀nà kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Lugbe tí wọ́n yọ ilé ọmọ ẹ̀ nìkan, wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀. Kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan mọ́ láti ọjọ́ yẹn bíi tèmi, ṣùgbọ́n ooru ò dà á láàmú, ìbúsùn ẹ̀ gbẹ fúúfúú. Ẹ sì mọ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti wọ 47, 48, tí wọ́n ṣì ń rí nǹkan oṣù, tó kàn ń ṣe ségesège, tí ooru yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára wọn, ooru ń mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára tọ̀rẹ́ mi, ooru ò mú un. Họ́mọ́ọ̀nù ló ń lọ tàbí tó dúró, ẹ̀jẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, orí wa ni. Ibì kan bíńtín wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣọ́ ooru ara, bíi kiní inú fíríìjì tó ń tan án tó tún ń pa á. Ẹ́sítírójìn máa ń pa àwọn iṣan kan tó ń gbé ìròyìn lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Tí ẹ́sítírójìn bá lọ lójijì, àwọn iṣan yẹn á máa pariwo, ọpọlọ á máa rò pé ara ti gbóná jù, á ní kí awọ ara ṣí, kí òógùn jáde, nígbà tí kò sí nǹkan tó gbóná. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń tẹ̀ lé e, òógùn yẹn ti fa ooru tó yẹ kó wà lára jáde. Olùṣèwádìí kan, Robert Freedman, ní Wayne State University ní Detroit ló wọ̀n ọ́n, ó rí i pé lára obìnrin tí nǹkan yìí ò yọ lẹ́nu, àyè bíi 0.4 dìgírì ló wà láàárín ìgbà tí ara máa ní òun fẹ́ làágùn àti ìgbà tó máa ní òun fẹ́ gbọ̀n. Lára àwọn tó ń yọ lẹ́nu, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àyè kankan. Ife tíì gbígbóná kan tó láti dá ooru yẹn sílẹ̀. Ata rodo kan tó. Kí àwọn ará NEPA mú iná lọ lóṣù Kẹta ní Abuja yìí tó. Ní May 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òògùn kan tó ń jẹ́ fezolinetant, ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn iṣan yẹn ló ń dá lẹ́kun, kò kan ẹ̀jẹ̀ kò kan ilé ọmọ, ooru sì ń dín. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, báwo ni òògùn orí ṣe fẹ́ mú un lọ?

Wọ́n á ní àwọn ìyá àgbà mu agbo, ó sì lọ. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa lọ náà ni bó pẹ́ bó yá, kódà tẹ́ ẹ bá mu omi lásán. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fún àwọn kan ní òògùn òfìfo láì sọ fún wọn, ooru àwọn yẹn náà dín dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ewé kan wà tó ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe nípa fífọ ẹ̀jẹ̀ jáde.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn kan náà tó ń ní ká mu agbo ló máa ní ká má gba họ́mọ́ọ̀nù tí dókítà ń fúnni láti fi rọ́pò èyí tó lọ, pé jẹjẹrẹ ló ń fà. Mo fi oṣù méje sá fún un nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Women's Health Initiative, ni ìbẹ̀rù yẹn ti wá, 2002 ni wọ́n dá apá kan ẹ̀ dúró torí jẹjẹrẹ ọmú lé sí i lára àwọn tó ń lo ẹ́sítírójìn pẹ̀lú họ́mọ́ọ̀nù kejì tó ń jẹ́ progestin. Ṣùgbọ́n apá kejì wà, obìnrin 10,739 tí wọn ò ní ilé ọmọ mọ́ bíi tèmi, tí ìdajì wọn lo ẹ́sítírójìn nìkan. Jẹjẹrẹ ọmú ò lé lára wọn, nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tiẹ̀ kéré sí tàwọn tó gba òògùn òfìfo. Tá a bá pín in dọ́gba, bí ẹni ọdún 63 ni wọ́n, kì í ṣe ẹni ogójì ọdún tí ara ẹ̀ ṣì nílò nǹkan yìí fún eegun àti ọkàn. Sítróòkù lé díẹ̀, òótọ́ ni, ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì rí, dókítà lè ní kó má gbà á, àwọn òògùn tí kì í ṣe họ́mọ́ọ̀nù, bíi gabapentin àti venlafaxine, sì wà fún irú wọn. Tèmi, jẹ́ẹ̀lì ẹ́sítírójìn tí mo ń fi pa apá ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jọ́tà mi sọ 3.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí mo ń ṣe sí i ṣì wúlò, mi ò fi wọ́n sílẹ̀. Mo ti kó gbogbo aṣọ tó ń dán, tó ń mú ooru mọ́ra, fún àwọn ẹlòmíì, kọ́tọ́ọ̀nù nìkan ni mo ń wọ̀ sùn. Fáànù oníbátìrì wà lẹ́bàá orí mi, píọ̀ wọ́tà dídì méjì wà nínú táwẹ̀lì lálẹ́, mo máa ń gbé ọ̀kan sí ọrùn bí mo bá ti gbọ́ ọ lára pé ó ń bọ̀. Ọkọ mi ti mọ̀ ọ́n, á kàn na ọwọ́ tan fáànù láì tiẹ̀ lajú.

Àbúrò yẹn pè mí lánàá. Kò mu agbo yẹn. Ó ní òun fẹ́ lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ṣé mo lè bá òun lọ torí òun ò fẹ́ kí wọ́n tún ní ibà ni. Mo ní mo ń bọ̀, kó wọ aṣọ tó fẹ́lẹ́, kó sì mú ìwé iṣẹ́ abẹ ẹ̀ dání, èyí tí wọ́n kọ gbogbo nǹkan tí wọ́n yọ sí.