Àgbà Tó Wà ní Wọ́ọ̀dù

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n a kì í fara balẹ̀ wo ohun tí àgbà ọjà ń ṣe gan-an. Orí ọmọ ló kọ́kọ́ ń tún ṣe. Òwe náà kò ní kó jágbe mọ́ ìyá ọmọ kí gbogbo ọjà gbọ́. Ẹ̀yin mẹ́tírọ́nì àti olórí wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin ni mo pa á fún.

Nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ju bó ṣe bẹ̀rù àṣìṣe lọ, yóò máa fi àṣìṣe pamọ́ ni. Bó bá ṣèèṣì fún aláìsàn ní oògùn tó ju ìwọ̀n lọ, tó sì rántí bí wọ́n ṣe bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, yóò dákẹ́, yóò máa gbàdúrà. Àsìkò tí ìbá fi sáré pe dókítà ti lọ nìyẹn.

Ní 1996, Amy Edmondson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí àṣìṣe oògùn ní àwọn wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ó ti rò pé ibi tí ìṣàkóso bá ti dára ni àṣìṣe yóò ti kéré. Àkọsílẹ̀ kò gbè é: ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ àṣìṣe sílẹ̀ jù. Nígbà tó wò ó síwájú, ó rí i pé ara tu àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, olórí wọ́ọ̀dù tí kò rí àkọsílẹ̀ àṣìṣe kankan fún ìgbà pípẹ́, kó má tètè dúpẹ́.

Mi ò ní kí ẹ má ṣọ́ wọn o. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wò, àwọn kan a máa kọ ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò wọ̀n. Ẹ lọ síbi ibùsùn. Ẹ dúró ti nọ́ọ̀sì tuntun bó bá ń pín oògùn: ṣé aláìsàn náà nìyí, ṣé oògùn náà nìyí, ìwọ̀n ńkọ́, ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara ńkọ́, àsìkò ńkọ́? Bó bá fo ọ̀kan, ẹ dá a dúró jẹ́ẹ́jẹ́; ìbáwí di inú ọ́fíìsì. Bó bá ṣe é dáadáa, ẹ yìn ín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí iye aláìsàn bá ju agbára nọ́ọ̀sì kan lọ, kò sí ìṣọ́ tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ lọ, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ sí i, bí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún padà lọ.