Akádẹ́mì bọ́ọ̀lù kì í ṣe físà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ délẹ̀. Wọ́n ti rí ọmọ òun, ó ní. Ọkùnrin kan tó máa ń wá sí pápá tí ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù sọ pé òun ti bá kíláàbù kan ní ilẹ̀ Tọ́kì sọ̀rọ̀, ìwé ìpè ti dé, owó físà àti owó trial, ìyẹn ìdánwò bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ló kù. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ sì ti lọ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó."

Inú bí i sí mi. "Ṣé o ò fẹ́ kí ọmọ tiwa náà dé ibi tí Osimhen agbábọ́ọ̀lù dé ni?"

Mo fẹ́ ẹ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Ní Agége, ní Ajégúnlẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé tí ọmọ bá ti wà ní akádẹ́mì tó dára, tí òbí sì rí owó fún ẹni tó mọ ọ̀nà, ọmọ ọdún 14 tàbí 15 yóò bọ́ sí kíláàbù òkè òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà há o. Òfin ló tì í.

Láti ọdún 2001 ni FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ti là á sílẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí kíláàbù orílẹ̀-èdè mìíràn àfi tó bá ti pé ọmọ ọdún 18. Ẹ̀ka 19 nínú ìwé òfin wọn lórí ìgbàsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ló wà. Àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀ kò pọ̀: ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí orílẹ̀-èdè náà fún ìdí tí kò kan bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 16 sí 18 tó ń ti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọmọ tí ilé rẹ̀ àti kíláàbù náà ò jìnnà sí ààlà orílẹ̀-èdè ju kìlómítà 50 lọ, àti irú àwọn ọmọ tó sá ogun kúrò nílé. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé ní Ìkòròdú kò sí nínú wọn. Kódà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, kíláàbù wọn kò lè gba ọmọ ọdún 16 láti Faransé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ lọ dán ara rẹ̀ wò, tí gbogbo kóòṣì ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní òfin lásán ni, pé àwọn kíláàbù ńlá ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Àwọn kan dá a lóòótọ́. Ní 2014, FIFA fìyà jẹ Barcelona torí àwọn ọmọdé tí wọ́n gbà láti ilẹ̀ òkèèrè; wọn ò lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ ní gbogbo 2015. Ní 2016 ó kan Real Madrid àti Atlético Madrid, ní 2019 ó kan Chelsea. Ẹni tó yẹ kí òbí ronú kàn níbẹ̀ ni Takefusa Kubo, ọmọ Jàpáànì tó wà ní akádẹ́mì Barcelona láti 2011. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́, wọn ò gbà kó gbá ìdíje mọ́. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó padà sílé ní 2015. Barcelona gan-an ló gbà á, òun náà sì mọ bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Victor Osimhen dàgbà ní Olúsósùn ní Èkó, ibẹ̀ náà ló ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ultimate Strikers. Ó jẹ góòlù 10 ní ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile, 2015. Ẹ̀yìn ìyẹn, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Síbẹ̀ kò lọ. Ó pé 18 ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ 2016. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017 ló bọ́ sí Wolfsburg ní Jámánì. Kelechi Iheanacho ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní irú ìdíje kan náà ní 2013. Manchester City bá a ṣàdéhùn, ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2015, lẹ́yìn tó ti pé 18, kó tó di tiwọn. Taiwo Awoniyi, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlọrin, pé 18 ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún 2015. Kí oṣù náà tó parí, Liverpool ti gbà á. Ẹ fi àwọn déètì wọ̀nyẹn síra wọn, ẹ ó rí i pé ọjọ́ ìbí ni gbogbo wọn ń dúró dè, kì í ṣe owó òbí.

Wọ́n á ní Messi ńkọ́, ṣebí ọmọ ọdún 13 ló dé Barcelona. Ọdún 2000 ló dé ibẹ̀, ó ṣáájú òfin náà. Bukayo Saka ńkọ́, tó wọ Arsenal ní ọmọ ọdún 7? Bùkáyọ̀ Ayọ̀yínká Tèmídayọ̀ ni orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ilé ni níbẹ̀, kò ré ààlà kankan kọjá. Ademola Lookman náà, Lọ́ńdọ̀nù ni. A máa ń wo àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbẹ̀, a sì ń rò pé ọ̀nà tiwọn ni tiwa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ "football age". Wọ́n á ní kí òbí lọ ṣe ìwé ọjọ́ orí tuntun, kí ọmọ ọdún 17 di 14. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún 18 ni òfin ń dúró dè. Ọmọ tí ọdún kan péré kù fún ti di ẹni tí ọdún mẹ́rin kù fún lórí ìwé, òbí rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ sún un sẹ́yìn. Ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ tó wáyé nílẹ̀ wa níbí ní 2009 ni FIFA ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà wò, torí eegun ibẹ̀ kì í sábà dì pátápátá kí ọmọkùnrin tó kọjá ọdún 17. Ní 2016, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Golden Eaglets, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa tí kò ju ọdún 17 lọ, ni àyẹ̀wò yìí dá padà. NIN wà, ìwé WAEC wà, pásípọ́ọ̀tù wà. Irọ́ kan náà ni ọmọ máa pa nínú gbogbo wọn títí ayé rẹ̀.

Níbo wá ni akádẹ́mì ti ń rówó? Bí ọmọ bá kọ́kọ́ di agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù nílẹ̀ òkèèrè, kíláàbù tó gbà á ń san owó ìtọ́jú fún àwọn tó kọ́ ọ láti ọdún tó pé 12. Lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Tí wọ́n bá tà á ní mílíọ̀nù 10 yúrò, 500,000 yúrò ni wọ́n á pín. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ akádẹ́mì náà nínú ìwé NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Akádẹ́mì tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ kò lè retí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin òbí nìkan ló kù tí akádẹ́mì náà lè gbowó lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi wọ́n nìyẹn: ṣé orúkọ ọmọ mi wà ní NFF, kí n rí i?

Owó oṣooṣù kò burú rárá. Kóòṣì gbọ́dọ̀ jẹun, wọ́n gbọ́dọ̀ ra bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń san owó pápá. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́jú ọmọ tó bá fẹsẹ̀ rọ́, ibi tí wọ́n máa sùn bí ìdíje bá gbé wọn kúrò nílùú, àgbà tó máa wà pẹ̀lú wọn lóru. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, ẹ tẹnu mọ́ èyí gan-an. (Ẹ má sì dá a dúró sílé: Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gbá bọ́ọ̀lù ní FC Robo l'Ékòó kó tó dé Liverpool ní 2015, ọmọ ọdún 20.)

Tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ ka iye ọdún tó wà nínú rẹ̀. Òfin FIFA kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé 18 fọwọ́ sí ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Éjẹ́ǹtì, ẹni tó ń ṣojú agbábọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ kíláàbù, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ gbogbo wọn sì wà lórí ìkànnì FIFA fún ẹnikẹ́ni láti wò. Kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ ọmọ tàbí òbí lọ títí yóò fi ku oṣù mẹ́fà kí ọmọ náà tó ọjọ́ orí tó lè fọwọ́ sí àdéhùn olówó oṣù àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè orúkọ ọkùnrin náà bó ṣe wà nínú ìwé àṣẹ. Ó ní abẹ́ ẹlòmíràn lòun ń ṣiṣẹ́. A wá orúkọ ẹlòmíràn náà, a ò rí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ní kó fún òun ní nọ́ńbà kíláàbù náà, kò gbé fóònù mọ́.

Ọmọ náà sunkún ọjọ́ méjì. Mo lọ bá a ní pápá ní Sátidé, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọdún 18 fún un.

"Ànkù, ṣé Osimhen náà dúró?"

Mo ní ó dúró. Ó fún okùn bàtà rẹ̀, ó padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.