Ẹran tó rọ̀ jù kọ́ ló dára jù fún ọbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ẹran ẹ̀yìn màlúù rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní òun ló yẹ kéèyàn máa rà fún gbogbo oúnjẹ, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ibẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ lára màlúù, ló fi rọ̀. Iná líle fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ sè é fún wákàtí 2 nínú ọbẹ̀ ata, á gbẹ táútáú, á máa há séyín. Ẹran ẹsẹ̀ tó ní iṣan funfun, èyí tí ẹ ń sá fún lọ́dọ̀ alápatà yẹn gan-an, ni kí ẹ rà. Tó bá pẹ́ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iṣan yẹn á yọ́, omi ọbẹ̀ á ki, á máa lẹ̀ mọ́ni létè.