Rádíò ham tó ti Amẹ́ríkà dé kò ní ohun tí ẹ fẹ́ gé nínú ẹ̀

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Adó-Èkìtì. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló fi rádíò ham ránṣẹ́ sí i, rádíò tí àwọn tó níwèé àṣẹ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ fún ìgbádùn, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú, Yaesu FT-60, ó ṣì wà nínú páálí. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àfi tí wọ́n bá gé nǹkan kan nínú ẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹnì kan ti ní kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Ó ní tí òun bá gé e tán, mo lè gbé e lọ Gánà, mo lè gbé e lọ London, ibi gbogbo ló ti máa ṣiṣẹ́, á sì tún máa lọ jìnnà sí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tún rádíò ṣe, lẹ́nu àwọn tó ń tà á, àti lẹ́nu àwọn tó ní ìwé àṣẹ tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Ó sì ń ná àwọn èèyàn lówó, ó ń ba rádíò tó dáa jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí ìṣirò ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. ITU, àjọ àgbáyé tó ń pín frequency (ojú ìgbì tí rádíò ń gbà sọ̀rọ̀, MHz la fi ń kà á) fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ti wà láti 1865. Wọ́n pín ayé sí ẹkùn mẹ́ta. Áfíríkà àti Yúróòpù wà ní ẹkùn kìíní. Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà wà ní ẹkùn kejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú Éṣíà, pẹ̀lú Ọsirélíà, wà ní ẹkùn kẹta. Ibi tí àwa ham ti sábà máa ń fi rádíò ọwọ́ sọ̀rọ̀ ni à ń pè ní 2 mítà. Lọ́dọ̀ tiwa ní ẹkùn kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ láti 144 MHz, ó parí sí 146. Ní Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ láti 144, ó parí sí 148.

Ẹ tún un kà. Wọ́n ṣe rádíò Amẹ́ríkà láti sọ̀rọ̀ láti 144 dé 148. Gbogbo àyè tó wà fún wa níbí, inú ẹ̀ ló wà, kò sí ibì kan tó yọ síta. Bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá mẹ́rin ni, tí wọ́n wá ní kó máa lo méjì àkọ́kọ́ nínú wọn. Ilẹ̀kùn wo ló kù tó fẹ́ já? Ẹ wo 70 sẹ̀ǹtímítà náà, àyè kejì tí àwa ham ń fi rádíò ọwọ́ lò: tiwa jẹ́ 430 sí 440 MHz, FT-60 ti Amẹ́ríkà yìí ń sọ̀rọ̀ láti 430 dé 450 bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú páálí. Èyí tó bá ti Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì wá, ẹkùn kan náà la jọ wà, odindi ló bá tiwa mu. Tí ẹ bá sì mú 144 sí 146 lọ síbi yòówù láyé, àwọn ham ló ni ín níbẹ̀. Tòkíò o, Lima o, Ìkẹ́rẹ́ o.

Kí wá ni wọ́n ń gé? Lórí pánẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀ nínú àwọn rádíò yìí, resistor tàbí diode kékeré kan wà, kò tó wóro ọkà bàbà, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà inú rádíò pé, "Ibi báyìí ni kí o ti dúró tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ sísọ." Tí wọ́n bá fi irin tó gbóná yọ ọ́, rádíò á gbàgbé odi yẹn, á wá gbà láti sọ̀rọ̀ láti nǹkan bíi 137 dé 174. Ohun tó ń ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni àwọn ham tó ń bá ẹgbẹ́ MARS ti àwọn ológun àti Civil Air Patrol (CAP), ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ṣèrànwọ́, ṣiṣẹ́, torí frequency àwọn yẹn wà lóde odi 144 sí 148. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní MARS/CAP mod. Wọ́n fún àwọn yẹn láṣẹ. Ta ló fún ẹ ní Adó láṣẹ?

Àwọn tó gba irọ́ yìí gbọ́ á ní ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tó bá ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n á ti tì í mọ́ network kan, àfi kí wọ́n ṣí i. Fóònù ní ilé-iṣẹ́ tó tì í mọ́ ara ẹ̀. Rádíò ham kò ní network, kò ní SIM, kò sẹ́ni tó tì í. Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi náà gé tèmi nígbà kan. Mo ti sanwó fún ẹni tó gé e kí n tó mọ̀ pé nígbà tó bá gé e, rádíò náà gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Gbogbo frequency tí mo ti tò sínú ẹ̀ pátá ló lọ. Ìyẹn ṣì kéré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fẹ́ lọ sórí 145.500, ibi tí àwa ní ẹkùn kìíní ti máa ń pe ara wa. Iná ò sí, ojú ti ń ṣú, mo tẹ nọ́ńbà náà láìwò ó dáadáa. Mo di bọ́tìnnì mú, mo sọ orúkọ mi lórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ohùn ọkùnrin kan jáde, inú ń bí i: "Ta nìyẹn? Kúrò lórí láìnì yìí, a wà lẹ́nu iṣẹ́!" Mo gbé ojú rádíò sún mọ́ ojú mi. 154.500 ló wà níbẹ̀. Mo ti yí 4 àti 5 padà.

Ká ní mi ò gé e ni, rádíò ìbá kọ̀ fún mi, ìbá kọ "Error" sójú ẹ̀, kò sì ní sí ohùn kankan tó máa jáde. Odi yẹn ni wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi láti wó. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ni mo dá lẹ́nu, tàbí àwọn awakọ̀ tó gbé aláìsàn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo pa á. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo wá ẹni tó dá a padà sí bó ṣe wà.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í sọ fún yín. Wọ́n ti to ẹ̀rọ inú rádíò mọ́ àyè rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fa awọ gángan le kó lè dún bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá mú un jìnnà sí 144 sí 148, agbára tó ń yọ á máa dínkù, èyí tó kù á di ooru. Ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ ní dúró sójú kan. Mo ti di irú ẹ̀ mú rí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbóná débi tí mo fi gbé e sílẹ̀.

Wọ́n tún ní tí wọ́n bá gé e, ó máa lọ jìnnà. Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí òkè ló yí wa ká ní Èkìtì, gbogbo ẹni tó bá fi rádíò sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré ló yẹ kó mọ ohun tó ń dá a dúró. Wáàtì márùn-ún ni rádíò ọwọ́ ń yọ, bí wọ́n gé e, bí wọn ò gé e. Diode yẹn kò ní wáàtì kankan tó fi pamọ́. Kí ohùn rẹ tó fi ìlà kan péré ga sí i lójú ohun tó ń wọn agbára ìgbì lára rádíò ẹni tó ń gbọ́ ẹ, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ogún wáàtì. Kò sí rádíò àpò tó ń yọ ọ́.

Ìgbì 2 mítà máa ń lọ gbọọrọ bí ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí rádíò ga tó mítà kan àbọ̀, nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ni ojú ayé ti máa yí kúrò níwájú ẹ̀. Gun òkè tó fi ọgọ́rùn-ún mítà ga ju àyíká lọ, ó di kìlómítà mọ́kànlélógójì. Mo dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi kan dúró ní Adó, èmi wà ní Ìkẹ́rẹ́, láàárín ilé, ọ̀nà tó kò tó ogún kìlómítà. Ṣááṣáá nìkan ni mò ń gbọ́. Mo wá gòkè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, níbi tí òkè Ọlọ́súnta kò ti dí mi lójú mọ́. Rádíò kan náà, tí wọ́n ti dá padà, mo tún ti yí agbára ẹ̀ sílẹ̀ sí èyí tó kéré jù. Mo gbọ́ ọ̀rẹ́ mi débi tí mo fi gbọ́ ẹni tó ń kiri búrẹ́dì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ gbójú sókè. Ilé àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà tó ń yí ayé po, ISS, fi nǹkan bí irínwó kìlómítà ga sókè. Repeater ham, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń tún un rán jáde, wà nínú ẹ̀: ẹ máa sọ̀rọ̀ sí i lórí 145.990 pẹ̀lú tone 67 (ìró kékeré tí repeater fi ń mọ̀ pé òun lẹ ń pè), á dá a padà lórí 437.800. Nọ́ńbà kan náà ni fún ará Èkìtì, ará Brazil àti ará Japan. Rádíò ọwọ́ wáàtì márùn-ún pẹ̀lú antẹ́nà tó dáa ń dé ibẹ̀, torí kò sí òkè kankan láàárín. Wáàtì márùn-ún yìí kan náà ni kò lè la àpáta Ìkẹ́rẹ́ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn òun lọ jìnnà, kó ra antẹ́nà tó gùn tó nǹkan bí 49 sẹ̀ǹtímítà dípò rọ́bà kúkúrú tó bá rádíò wá, kó sì wá ibi tó ga dúró.

Àwọn nǹkan tó yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú menu ni gbogbo wọn wà. Lórí 70 sẹ̀ǹtímítà, àlàfo tó wà láàárín ibi tí repeater ti ń gbọ́ àti ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 5 MHz. Ní Yúróòpù, 1.6 tàbí 7.6 lẹ máa bá pàdé. Ibòmíì ń fẹ́ tone, ibòmíì ń fẹ́ ìró 1750 kí repeater tó jí. Ìka lẹ fi ń tún gbogbo ìyẹn ṣe, láìsí irin gbígbóná. Ohun kan tó yẹ kí ẹni tó gba rádíò láti Amẹ́ríkà ṣọ́ra fún ni 146.520 tí ẹni tó fi ránṣẹ́ lè ti tò sínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ara wọn lọ́dọ̀ọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ti kọjá 146, kò sí lára tiwa. Ẹ rí i pé rádíò tí wọn ò gé gan-an ti ní ju ohun tó yẹ kí ẹ lò lọ.

Mo gbà pé ẹni tó ra rádíò ní Yúróòpù tó wá kó lọ Amẹ́ríkà lè rí i pé kò lè sọ̀rọ̀ lórí 146 sí 148. Ìyẹn wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Adó kọ́ ló kàn.

Ní ti Gánà àti London, èèyàn ni wọ́n ń fún láṣẹ, wọn kì í fún rádíò. Láti 1985 ni àwọn ará Yúróòpù ti ní àdéhùn CEPT T/R 61-01, tó jẹ́ kí ẹni tó níwèé àṣẹ ní ìlú kan lè sọ̀rọ̀ nínú ìlú kejì, tí á kàn fi lẹ́tà ìlú tó dé síwájú orúkọ tí ìwé àṣẹ fún un láti máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Benin TY, ti Tógò 5V, ti Gánà 9G. Tó o bá gbé rádíò tí wọ́n gé kọjá Sẹ̀mẹ̀ láìgba àṣẹ ìlú tó o wọ̀, arúfin ni ẹ́, bí ẹni tó gbé èyí tí wọn ò gé ṣe jẹ́ gẹ́lẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọkùnrin náà. Ó wá bi mi pé kí ló dé tí rádíò tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ìyá òun mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà lọ́dún méjì sẹ́yìn kò fi ṣiṣẹ́ rárá. Mo ní kó mú ṣájà tó bá rádíò tuntun tirẹ̀ wá jáde. Mo yí i sábẹ́ iná, mo fi èékánná tọ́ka sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ wínníwínní: 120V. Iná tiwa tó 240. Ká ní ó ti ki í bọ ògiri lálẹ́ ọjọ́ tó gbà á ni, ṣájà ìbá ti jó, wọn ìbá tún ní rádíò Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbí. Mo bá a wá ṣájà tó bá iná wa mu, mo to 145.500 sínú rádíò, mo ní kó máa gbọ́ nìkan títí yóò fi gba ìwé àṣẹ. Bó ṣe ń kó o padà sínú páálí ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹni tó fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó fẹ́ mọ ìgbà tó máa gbé e wá.