Palẹstínì: Kí Ọwọ́ Tẹ̀lé Ẹnu

Ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè láti fi dìbò ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n béèrè àwọn tó fẹ́ kí Palẹstínì di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún. Faransé nawọ́. Jàpáánù nawọ́. Gúúsù Kòríà nawọ́. Orílẹ̀-èdè 12 ló nawọ́ lápapọ̀. Nígbà tó kan àwọn tí kò fẹ́, ọwọ́ kan péré ló lọ sókè, ọwọ́ Robert Wood tó ṣojú Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tó lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dá àbá dúró, àbá náà sì kú síbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Switzerland ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni Faransé, Jàpáánù àti Gúúsù Kòríà o, síbẹ̀ ẹnu wọn ò kò.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ohùn padà. Òun, Kánádà, Ọsirélíà àti Pọtogí kéde pé àwọn gba Palẹstínì ní orílẹ̀-èdè. Faransé tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ kejì. Ní Hammersmith, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ta àsíá Palẹstínì sókè níwájú ilé aṣojú wọn. Ìjọba tó kọ lẹ́tà Balfour ní 1917, tó ṣèlérí ilé fún àwọn Júù ní Palẹstínì, ló wá ṣe èyí. Wọ́n ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ìjọba Ísírẹ́lì buwọ́ lu kíkọ́ ilé tó lé ní 3,000 sí ibi tí wọ́n ń pè ní E1, ní ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, yóò gé Ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì (West Bank), ilẹ̀ àwọn ará Palẹstínì, sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀. Smotrich, mínísítà ètò ìnáwó wọn, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé èyí ni yóò sin èrò pé Palẹstínì máa dá dúró. Ibo wá ni wọ́n fẹ́ ri òpó àsíá náà mọ́?

A mọ ìdí tí Jámánì fi ń lọ́ra láti gba Palẹstínì. Ohun tí wọ́n fojú àwọn Júù rí láyé Hitler, kò yẹ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Àwa náà ò gbàgbé ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí Hamas, ẹgbẹ́ ológun láti Gásà, pa nǹkan bí 1,200 èèyàn ní Ísírẹ́lì, tí wọ́n sì kó 251 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé Gásà kọ́ ló ṣe é.

Ohun tí à ń béèrè ò ju agbára wọn lọ. Kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ti gba Palẹstínì má ra ọjà kankan mọ́ láti àwọn ibùdó tí Ísírẹ́lì kọ́ sórí ilẹ̀ náà. Slovenia, bó ṣe kéré tó, ti fòfin dè é. Kí ló ń dá Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì dúró?

Ká má sì fi tiwa pamọ́. Láti 1988 ni Nàìjíríà ti gba Palẹstínì ní orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ìbò mẹ́sàn-án ni àbá Palẹstínì nílò ní Ìgbìmọ̀ Ààbò, mẹ́jọ ló rí. Nàìjíríà wà níbẹ̀, kò nawọ́ fún un. Ó ṣì ń dùn wá. Abuja ń wá àga tí kì í ṣí nípò nínú ìgbìmọ̀ yẹn báyìí. Kí wọ́n tó jókòó lé e, kí wọ́n sọ fún wa ibi tí ọwọ́ wọn máa wà nígbà tí wọ́n bá tún béèrè àwọn tó fẹ́.