Irọ́ ni pé ẹni tí kò ka sáyẹ́ǹsì kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ ewéko

"Ìwọ tó ń ka Ìtàn, kí lo fẹ́ fi ewéko ṣe?" Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ nìyẹn nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti àyíká wọn, níbí ní Ìlọrin. Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tí kò bá ṣe báyọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì ní sẹ́kọ́ńdìrì kò gbọdọ̀ débẹ̀. Mo ti ṣe é tán báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orúkọ Látìn ló ń dẹ́rù bà wá jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Èkínní dà bí orúkọ ìdílé, èkejì jẹ́ ti ewéko náà gan-an. Vitellaria paradoxa ni igi òrí. Ọmọ tó mọ oríkì ìdílé rẹ̀ dé ìparí, kí ló fẹ́ fi ìyẹn bẹ̀rù?

Àwọn bàbá wa pàápàá ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú. Ẹni tó sọ patanmọ́ lórúkọ ti fọwọ́ kàn án, ó sì ti rí i bó ṣe pa ewé dé. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí a má gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ta ló bèèrè ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì rí? Gbòǹgbò ojú oró kì í kan ilẹ̀, inú omi ló rọ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ fi gbòǹgbò di ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ mú, ewé rẹ̀ ló wà lókè. Ìdí nìyí tí ojú oró fi máa ń bo adágún tí ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ bá ń ṣàn wọ̀. Ẹ̀kọ́ àyíká gan-an nìyẹn, kò sì gba kẹ́mísírì kí o tó lóye rẹ̀.

Ewé Akíntọ́lá ńkọ́? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti wá. Atẹ́gùn ló ń gbé èso rẹ̀ tó fúyẹ́ káàkiri. Àmọ́ kí ló dé tí àgbẹ̀ fi orúkọ olóṣèlú sọ ọ́, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní Awólọ́wọ̀? Ìbéèrè onítàn nìyẹn, èmi ni olùkọ́ sì ní kí n dáhùn rẹ̀ ní kíláàsì.

Iṣẹ́ tí a máa ń jáde lọ ṣe láti mọ ewéko tó wà níbì kan rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ: okùn, èèkàn mẹ́rin, mítà kan níbùú lóròó, kí o ka ohun tó hù sínú rẹ̀. Mi ò ní purọ́: ibi tí ewé ti ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ le fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kó tó yé mi, ọ̀rẹ́ kan láti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ló là á yé mi.

Èmi náà ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè tí olùkọ́ ní kí a jọ dáhùn ni pé kí ló dé tó jẹ́ igi òrí àti igi irú ló pọ̀ jù nínú oko àyíká wa. Ó ní èèpo igi òrí nípọn, iná ìgbẹ́ kì í tètè pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ló ń dá àwọn igi náà sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣánko, nítorí òrí àti irú tí àwọn obìnrin ń rí níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ṣe irú ní Àjàṣẹ́-Ìpo ló sọ ọ́ fún mi, mo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wa bó ṣe sọ ọ́.