Ṣé ká gbé ìyá ẹni náà jù nù ni?

Mo ka àpilẹ̀kọ kan lórí ayọ̀, ibi tí òǹkọ̀wé ẹ̀ ti ní ohunkóhun tí kò bá ti fún èèyàn láyọ̀, kó gbé e jù nù yẹn, ẹ̀n-ẹ́n o. Rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá mi, Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo níbí la jọ wà, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń pààrọ̀ páńpásì, mi ò lè purọ́ pé ó ń dùn mọ́ mi, ìgbà míì mà á sá wọ kíṣìnì lọ sunkún kí wọ́n má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mò ń tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀, mo mọ̀ ọ́n, nígbà tí mò ń jayé kiri l'Ékòó mi ò mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá tó fèsì sí àpilẹ̀kọ náà, tó ní tówó bá ṣáà ti wà ó ti parí, ẹ rọra o. Àdùnní Olóòrìṣà ńkọ́, Susanne Wenger, òyìnbó Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950? Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ lù ú, kò torí ẹ̀ padà sílé, òun àtàwọn bíríkìlà àti káfíńtà ìlú wa ni wọ́n jọ ń mọ ère sínú igbó Ọ̀ṣun, ó tún ń bá àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ ibẹ̀ fà á, 2005 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, tó wá kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé, Òṣogbo yìí náà ló kú sí ní 2009. Ṣé ìgbádùn lẹ máa pe gbogbo ìyẹn? (Mi ò kí ń ṣe oníṣẹ̀ṣe o, kẹ́nikẹ́ni má bá mi jà.)